Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ni Kó Máa Bọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ti mọ̀ pé "Ẹ mú ìwé méjì" àti "Ẹ mú ìwé méjì-méjì" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ìwé méjì péré ni yóò kúrò lórí tábìlì. Nínú èkejì, olúkúlùkù yín ni yóò mú méjì, tí tábìlì yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀kọ̀ọ̀kan", "díẹ̀díẹ̀" àti "lọ́dọọdún" rí. Yorùbá kò wá ọ̀rọ̀ tuntun láti fi sọ bí nǹkan ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Àpètúnpè ló ṣe fún èyí tó ti wà nílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Èdè tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹnu sọ. Èdè kọ̀ǹpútà ni, Go ni orúkọ rẹ̀. Robert Griesemer, Rob Pike àti Ken Thompson ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Google ní ọdún 2007. Wọ́n fi í han ayé ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Go 1 sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2012. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó ń ṣiṣẹ́ fún yín: Docker àti Kubernetes, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń darí àwọn ètò wọn, Go ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ohun tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ Go ni pé kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ 25 péré ló yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í sì í tètè gbà kí nǹkan tuntun wọlé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, nínú ẹ̀dà 1.23, wọ́n gba nǹkan kan wọlé tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí láti ọdún 2022. Nǹkan náà ni ọ̀nà tí ẹni tó bá dá àkójọ tirẹ̀ sílẹ̀ fi lè jẹ́ kí ohun inú rẹ̀ máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ lò ó. Inú àwọn kan dùn. Inú bí àwọn mìíràn. Wọ́n ní Go ti ń dà bí àwọn èdè tí àwọn sá fún. Èrò tèmi ni pé ohun tó yẹ ni wọ́n ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe é ṣáájú. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín, títí kan ẹ̀yin tí ẹ kò kọ ìlà kóòdù kan rí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Ó lè jí ní kùtùkùtù, kó dín gbogbo ẹ̀wà tó lọ̀ tán, kó kó àkàrà 500 sínú abọ́, kó wá jókòó de oníbàárà. Ó nílò abọ́ tó lè gba 500 nìyẹn. Bí ènìyàn mẹ́wàá péré bá wá, àdánù dé. Ìyá alákàrà tó mọ iṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó po ẹ̀wà sílẹ̀, òróró ń gbóná, bí oníbàárà bá ṣe ń dé ló ṣe ń dá a sínú òróró. Abọ́ kékeré tó o. Bí òjò bá ṣú tí àwọn ènìyàn sì tú ká, ó kàn dáwọ́ dúró ni.

Kọ̀ǹpútà náà ní abọ́ tirẹ̀, ìyẹn mẹ́mọ́rì. Ká ní ètò kan fẹ́ lo nọ́ńbà 1,000,000,000, tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 8. Bí ó bá kó gbogbo wọn jọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gígábáìtì 8 ti lọ. Bí ó bá ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń lo èyí tán kó tó ṣe òmíràn, báìtì 8 yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Iṣẹ́ kan náà ni, abọ́ ló yàtọ̀.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ ṣá. Fọ́ńṣọ̀n, ìyẹn iṣẹ́ kékeré tí a sọ lórúkọ nínú ètò kọ̀ǹpútà, máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó sì máa ń parí nísàlẹ̀. Bí ó bá ti dá wa lóhùn tán, ó ti gbàgbé ohun tó ń ṣe. Ẹ wá wo apàlọ́. Ó sọ̀tàn dé ibi tí Ìjàpá wà lórí igi, ó dá orin, àwọn ọmọ ń gbè é. Nígbà tí orin bá parí, kò ní padà lọ bẹ̀rẹ̀ láti "Ààlọ́ o". Ibi tó dúró sí gan-an ni yóò ti máa bá a lọ. Ìjàpá ṣì wà lórí igi. Fọ́ńṣọ̀n tó lè ṣe bí apàlọ́, tó lè fún wa ní nǹkan kan, kó dúró, kó rántí ibi tó dé, kó sì bá a lọ nígbà tí a bá tún kàn sí i, òun ni wọ́n ń pè ní generator. Mo mọ ohun tó wá sọ́kàn àwọn tó ti gbé ní Nàìjíríà rí. Rárá o, kì í ṣe èyí tó ń pariwo lẹ́yìn ilé nígbà tí iná bá lọ. Ìyẹn, ẹ̀rọ amúnáwá là ń pè é. Èyí kì í pariwo, kì í sì í mu epo.

Nǹkan náà kì í ṣe ọmọdé. Barbara Liskov àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní MIT ti fi irú rẹ̀ sínú èdè CLU ní àwọn ọdún 1970, wọ́n sì lo ọ̀rọ̀ náà yield fún un. Ralph Griswold ní Yunifásítì Arizona gbé odindi èdè kan, Icon, kalẹ̀ lórí irú èrò bẹ́ẹ̀. Python gbà á wọlé ní ìparí ọdún 2001, C# ní 2005, PHP ní 2013, JavaScript ní 2015. Nígbà tí wọ́n fi Go han ayé, ọgbọ́n náà ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. A kò lè sọ pé wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀.

Kí Go tó ní i, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kì í ṣe pé Go kò lè yí po rárá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjì, for àti range, mọ bí a ṣe ń lọ láti orí ohun kan dé orí òmíràn nínú àwọn àkójọ tí èdè náà fúnra rẹ̀ pèsè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá àkójọ tiyín sílẹ̀, range kò dá a mọ̀. Nítorí náà, oníkálùkù dá ọgbọ́n tirẹ̀. Kì í ṣe àwọn àlejò nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tó ni èdè náà ṣe é pẹ̀lú, nínú àkójọ iṣẹ́ tó ń bá Go wá láti ilé. Ẹ wo bufio.Scanner, tó ń ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan: Scan ni ẹ ó pè kó lè bọ́ sórí ìlà tó kàn. Ẹ wá wo sql.Rows, tó ń ka èsì láti inú àká dátà: Next ni ẹ ó pè kó lè bọ́ síwájú. Ó ní Scan tirẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni Scan yẹn ń ṣe. Ó ń da ohun tó wà lórí ìlà náà sọ́wọ́ yín ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ilé kan náà, ìtumọ̀ méjì.

Dídúró náà ní ìdààmú tirẹ̀. Nínú sync.Map, bí ẹ bá fẹ́ dúró láàárín ọ̀nà, false ni ẹ ó dá padà. Nínú filepath.Walk, tó ń rìn yí inú fódà ká, àṣìṣe àkànṣe kan ni ẹ ó dá padà, bí ẹni pé nǹkan bàjẹ́. Nínú container/ring, ẹ kò lè dúró rárá nígbà tí ẹ bá ti pe Do; títí yóò fi yí ká ni ẹ ó máa bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè mọ bí èyí ṣe rí lára. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá dé àdúgbò kan tí ilé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀ tí wọ́n ń gbà kan ilẹ̀kùn, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sára ògiri.

Ọgbọ́n tó léwu jù lọ ni ti channel. Channel jẹ́ ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ méjì tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ síra wọn. Ọ̀kan wà ní ìhín, ó ń ti nǹkan wọlé; èkejì wà ní ọ̀hún, ó ń gbà á, range sì mọ bí a ṣe ń gba nǹkan láti inú channel. Ó dára lójú. Àmọ́ ká ní ẹni tó ń gbà á rí ohun tó ń wá ní ẹ̀ẹ̀kẹta, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fi ránṣẹ́ kò mọ̀. Ó gbé ìkẹrin dání, ó na ọwọ́, ó ń dúró. Kò sí ẹni tí yóò gbà á mọ́. Kò lè lọ, kò sì lè jókòó. Go kì í gbé irú wọn kúrò nílẹ̀. Títí gbogbo ètò náà yóò fi parí ni yóò wà níbẹ̀. Kílóbáìtì 2 péré ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹ lè ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ètò tó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn tọ̀sán-tòru, tó ń fi ọ̀kan sílẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹnì kan bá béèrè nǹkan, bí wọ́n bá di 1,000,000, gígábáìtì 2 ti lọ fún àwọn tó na ọwọ́ lásán. Lóru ni ètò bẹ́ẹ̀ máa ń ṣubú, tí àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò sì máa wá ohun tó fà á láàárọ̀.

Ohun tó mú mi gbè sẹ́yìn àyípadà náà nìyẹn. Àìní ọ̀nà kan kò mú kí àwọn ènìyàn má ṣe nǹkan náà. Ohun tó ń mú wá ni pé wọn yóò ṣe é ní ọ̀nà mẹ́fà, ìkẹfà rẹ̀ yóò sì máa jò.

Báwo ni Go ṣe wá ṣe é? Kò fi ọ̀rọ̀ kankan kún 25 rẹ̀. Ó ṣì jẹ́ 25 títí di òní. Ó kàn jẹ́ kí range, tó ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, máa gba fọ́ńṣọ̀n bí fọ́ńṣọ̀n náà bá ní ìrísí kan pàtó. Ẹ wo àpẹẹrẹ kékeré yìí, tó ń ka nọ́ńbà láti 1 dé n:

func Òǹkà(n int) iter.Seq[int] {
    return func(yield func(int) bool) {
        for i := 1; i <= n; i++ {
            if !yield(i) {
                return
            }
        }
    }
}

Bí ẹnì kan ṣe máa lò ó rèé:

for i := range Òǹkà(10) {
    fmt.Println(i)
}

Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ ronú nípa òde ìgbéyàwó tí ẹnì kan ń pín oúnjẹ káàkiri. Ó gbé àwo kan síwájú yín, ó sì bi yín pé, "Ṣé kí n tún mú òmíràn wá?" Bí ẹ bá ní kó mú un wá, ó padà lọ gbé òmíràn. Bí ẹ bá ní "Ó tó", ó gbọ́dọ̀ máa lọ. Bí ó ṣe ń gbé àwo síwájú yín ni yield. Ìdáhùn yín ni true tàbí false. Ìlà tó ní if !yield(i) ń sọ pé: bí àlejò bá ní ó tó, máa lọ. Yield kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ tí Go yà sọ́tọ̀. Orúkọ lásán tí gbogbo ènìyàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni. Bí ẹ bá pè é ní gbà, yóò ṣiṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tó kọ wọ́n kò rí yield rárá. Kò mọ̀ pé true àti false ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Bí ó bá kọ break sínú rẹ̀, Go fúnra rẹ̀ ni yóò sọ "Ó tó" fún un. Bí ó ti ń lo range fún àkójọ ti Go tẹ́lẹ̀ náà ló ṣe ń lò ó fún tiyín. Àpètúnpè nìyẹn lójú tèmi: ọ̀rọ̀ àtijọ́, iṣẹ́ tuntun, ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ èkejì láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ.

Àwọn tó lòdì sí i kì í ṣe òpè. Wọ́n ní ẹ wo bí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ yẹn ti le tó: fọ́ńṣọ̀n tó ń dá fọ́ńṣọ̀n padà, èyí tó tún ń gba fọ́ńṣọ̀n. Òótọ́ ni, ó le, ẹni tó bá ní kò le ń tan yín ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé, ta ló ń kọ ọ́? Ẹni tó dá àkójọ sílẹ̀ ló ń kọ ọ́, lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń lò ó lè jẹ́ ẹgbẹ̀rún, ìlà mẹ́ta ni tiwọn. Ní ti èdè, èmi a máa wo ibi tí ẹrù bá sọ̀ kalẹ̀ sí, bí ẹrù náà ti wúwo tó kọ́ ni mo ń kọ́kọ́ wò. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń lò ó ló ń ru ú.

Wọ́n tún ní, tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá rí for àti range, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sí kóòdù ẹlòmíràn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣòro jù fún mi láti dáhùn, nítorí pé mo fẹ́ràn kí nǹkan hàn kedere. Síbẹ̀, range lórí channel ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì lè dúró de kóòdù ẹlòmíràn títí láé. Kedere tí wọ́n ń sọ yẹn, apá kan ni, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ti àwọn tó ní Go gbọ́dọ̀ wà ní kékeré, mo gbà pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn ní láti há sórí ni kí a kà, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé òfin èdè náà nìkan. Scan méjì, Next kan, false kan, àṣìṣe kan tí kì í ṣe àṣìṣe: gbogbo ìyẹn wà lórí àwọn ènìyàn, bí ìwé òfin tilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́.

Àbùkù wà nínú rẹ̀, n kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń pín oúnjẹ bá kọ etí ikún sí "Ó tó", tó tún gbé àwo mìíràn wá, ètò náà yóò dá dúró pẹ̀lú ariwo. Ìyẹn dára ju kó máa bàjẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí ètò bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ ó tó mọ̀, kì í ṣe ìgbà tí ẹ ń kọ ọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀yin lẹ fẹ́ máa darí. Bí ẹ bá fẹ́ fi àkójọ orúkọ méjì wé ara wọn, ẹ ní láti mú ọ̀kan láti ọ̀tún, kí ẹ mú ọ̀kan láti òsì, kí ẹ tó mọ èyí tó kàn. Go pèsè iter.Pull fún ìyẹn: ẹ ó gba next tí ẹ fi ń béèrè èyí tó kàn, àti stop tí ẹ fi ń sọ pé ẹ ti ṣe tán. Ẹni tó bá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀nà tó sì gbàgbé stop ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí. Àìsàn channel ọjọ́sí nìyẹn tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, bí kò tilẹ̀ le tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe ló bí mi nínú jù. Ká ní ẹ ń gba nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ìsopọ̀ sì já nígbà tó ku díẹ̀. Ta ni yóò sọ fún yín? Àwọn kan ń fi àṣìṣe ránṣẹ́ pẹ̀lú ohun kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń pa á mọ́ di ìparí, tí ẹ ó sì ní láti rántí béèrè rẹ̀. Go kò pa á láṣẹ pé ọ̀kan ni kí gbogbo ènìyàn máa lò. Lẹ́yìn gbogbo ìjíròrò tí wọ́n ṣe, ó yẹ kí wọ́n ti parí èyí.

Àmọ́ àwọn èso rẹ̀ ti ń jáde. Nínú ẹ̀dà 1.23 kan náà, slices.Chunk dé, tó ń pín àkójọ sí iye tí ẹ bá sọ: fún un ní 2, yóò máa kó wọn wá ní méjì-méjì. Nínú ẹ̀dà 1.24, ní oṣù kejì ọdún 2025, strings.SplitSeq dé, tó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tó sì ń mú wọn wá lọ́kọ̀ọ̀kan láìkọ́kọ́ kó gbogbo wọn sínú abọ́. Gbogbo wọn ni range kan náà mọ̀.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí wọ́n yíjú sí, ó sì kàn wá. Ẹ ti rí i pé mo kọ Òǹkà pẹ̀lú àmì rẹ̀ nínú àpẹẹrẹ, Go sì gbà á, nítorí pé Ò, ǹ àti à wà gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú Unicode. Ọ̀ àti ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: lẹ́tà ni, lẹ́yìn náà ni àmì ohùn tó dá dúró, Go kò sì gba irú àmì bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ. Python gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ kọ fọ́ńṣọ̀n tó ń mú nǹkan wá lọ́kọ̀ọ̀kan nínú Go lónìí, orúkọ kan wà tí ẹ kò lè sọ ọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi gbogbo àmì rẹ̀ sí i, orúkọ náà sì ni Ọ̀kọ̀ọ̀kan.